Ohùn Tí Ó Fi Fún Ayé

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹ̀gà, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi orin. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ni ó ti kọ́ ọ. Nígbà tí ó dàgbà, ó wọ ìdíje àwọn akọrin lórí tẹlifíṣọ̀n.

Orin tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ni ó mú lọ: "Jésù, mo fi ohùn mi fún ọ." Olùdarí ètò ní orin náà dùn, ṣùgbọ́n inú ilé ìsìn kọ́ ni àwọn wà. Ó ní kí ó fi "ayé" rọ́pò "Jésù". Ẹ̀gà kò jiyàn. Ọ̀rọ̀ kan péré ṣáà ni.

Ó dúró lábẹ́ iná, ó sì kọ ọ́: "Ayé, mo fi ohùn mi fún ọ." Èrò dìde fún un. Ìbò ya wọlé. Kò pẹ́ tí àwòrán rẹ̀ fi kún ògiri ìgboro.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ orin náà, ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ó pè é lórí fóònù. "Ọmọ mi, ayé kì í gba nǹkan kó dá a padà." Ẹ̀gà fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní àgbà ti ń dé sí màmá òun.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, wọ́n ń dán ẹ̀rọ wò. Ó ya ẹnu láti kọrin. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó jáde. Ó tún un ṣe. Afẹ́fẹ́ náà ni. Ayé ti gba ohùn rẹ̀.

Dókítà rí kókó kan lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ní àwọn yóò gé e, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí ohùn. Olùdarí ètò ti fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀.

Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó lè di ojú. Ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ohùn. Bí òun bá kú sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ti ta ni òun yóò jẹ́?

Aránṣọ kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wá wò ó. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, lónìí òun á lè sọ̀rọ̀ parí kí Ẹ̀gà tó já a gbà. Ẹ̀gà kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Mo ti fi ohùn mi fún ayé. Ṣé Jésù á tún gbà mí?"

Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ohun tí kì í ṣe tìẹ lo fi tọrẹ. Ẹni tó ni ín ti fi ẹ̀jẹ̀ rà á. Ìwọ ló sì ń wá, kì í ṣe ohùn ẹ."

Ẹ̀gà sunkún. Ètè rẹ̀ ń mì bí ó ti ń ké pe Jésù. Aránṣọ kò gbọ́ ohun tí ó ń sọ, Ọlọ́run gbọ́. Nígbà tí wọ́n wá gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù kò bà á mọ́.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí, ṣùgbọ́n ohùn orin náà kò padà. Ohùn híhá ni ó fi ń jẹ́rìí títí di òní.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ọ̀fun tìrẹ já gaara. Ta ni o fi ohùn rẹ fún? Yàrá ikú ń bẹ níwájú tí ìwọ nìkan yóò wọ̀. Àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ fún ọ kò ní bá ọ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Jésù nìkan ni ó lè bá ọ wọlé. Ronú pìwà dà lónìí. Ké pè é nígbà tí o ṣì lè ké.