Ta Ló Ń Fi Nọ́ńbà Bàbá Yusrah Pè?

Yusrah kò fẹ́ oògùn. Ó pa ẹnu dé, ó sì ń fojú burúkú wo ìyá rẹ̀ bí ẹni pé ìyá náà ló kó ikọ́ ràn án. Lábísí ti da oògùn ikọ́ sínú ṣíbí, ó ń tù ú.

"Ìyá mi, gbé e mì. Ara rẹ á yá."

Ràfátù, ìyá ọkọ Lábísí, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Èsìẹ́, ó ń ṣa ẹ̀wà. "Di imú rẹ̀ díẹ̀," ló wí, "á lanu fúnra rẹ̀."

Ibẹ̀ ni fóònù Lábísí ti dún. Ó bojú wò ó. Àwòrán ọkọ rẹ̀ ló yọ síta, pẹ̀lú fìlà abetí-ajá tó dé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Yusrah. Wọ́n kọ "Bàbá Yusrah" sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti sin Àhmádù, bàbá Yusrah.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Lábísí, oògùn dà sórí ẹní.

"Kí lo rí?" ni ìyá àgbà béèrè.

Lábísí na fóònù sí i. Ràfátù kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n abiyamọ wo ni kò ní dá ojú ọmọ rẹ̀ mọ̀? Ẹ̀wà inú àtẹ dànù. "Inná lílláhi," ló ń wí lábẹ́ ètè.

Fóònù dákẹ́. Lábísí sáré wọ yàrá, ó ṣí àpótí aṣọ. Fóònù olóògbé wà níbi tó tọ́jú rẹ̀ sí, síìmù sì wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ ikú ọkọ rẹ̀ ló ti gbà pé bóun ṣe ti àpótí, nọ́ńbà náà wà nínú ẹ̀. Ta wá ló ń fi í pè? Ràfátù ti tẹ̀ lé e wọ yàrá.

Fóònù tún dún.

"Gbé e," ni Ràfátù wí. "Bó bá jẹ́ ọmọ mi ni, kò ní pa ọ́ lára."

Kì í ṣe ohùn Àhmádù. Ọkùnrin kan ló kí i ní sàláámù, Nupe sì hàn nínú Yorùbá rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Yusrah? Jiya lorúkọ mi, Share ni mo wà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà yìí lọ́jọ́ Iléyá, ẹ ní Yusrah ti mọ Fátíhà kà. N ò mọ èsì tí mo lè fún yín."

Omi bọ́ lójú Lábísí. Fóònù inú àpótí ló rò pé òun kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí.

"Níbo lẹ ti rí nọ́ńbà ọkọ mi?"

"Síìmù tuntun ni mo rà, òun ni wọ́n fún mi. Ẹ gbọ́ ná. Láàárọ̀ yìí, ilé-ìwòsàn kan ní Ọ̀mù-Àrán kọ̀wé síbí. Wọ́n ní kí bàbá Yusrah má fún un ní oògùn ikọ́ tí wọ́n gbà lánàá mọ́. Wọ́n ní oògùn náà kò dára, kí ẹ tètè gbé ọmọ padà wá."

Lábísí wo oògùn tó dà sórí ẹní. Ó ti fún ọmọ náà ní ṣíbí kan lánàá. Kò mọ bó ṣe pọn Yusrah, kò mọ bó ṣe gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀mù-Àrán.

Dókítà yẹ ọmọ wò dáadáa, ó ní èyí tó mu kò tíì ṣe é ní jàǹbá. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù Lábísí wá di ìbínú. "Ọkọ mi ti kú. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń kọ̀wé sí òkú?"

Hafeezat, tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé-ìwòsàn náà, fà á jókòó. "Nọ́ńbà rẹ̀ la kọ sí orúkọ Yusrah látìgbà tẹ́ ẹ ti bí i. Lánàá a bi yín bóyá nǹkan kan ti yí padà."

Lábísí dorí kodò. Òótọ́ ni. Ó ní kò sí ohun tó yí padà. Bóun bá pa nọ́ńbà náà rẹ́, lójú tirẹ̀, àfi bí ẹni tó tún ọkọ rẹ̀ sin.

"Ṣùgbọ́n inú àpótí ni nọ́ńbà rẹ̀ wà," ló wí.

"Síìmù ló wà nínú àpótí, Ìyá Yusrah. Orúkọ ni nọ́ńbà jẹ́, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ló sì wà. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, fóònù yín ò mọ ibi tí ẹni náà wà. Á bi ẹ̀rọ wọn pé, 'Ta ló ń jẹ́ orúkọ yìí báyìí? Ibo ló wà?' Ẹni tí ẹ̀rọ bá tọ́ka sí ló máa pè. Bí wọ́n bá sì rí i pé ẹnì kankan ò lo nọ́ńbà kan mọ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì."

"Wọn ò wá sọ fún yín?"

"Wọn ò mọ̀ pé a kọ ọ́ síbí. Ẹ̀rọ wa, ti báńkì, ti ilé-ẹ̀kọ́, fóònù yín pàápàá, kálukú ló kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ayálégbé kan bá kó jáde tí òmíràn kó wọlé, ọlọ́kadà tí kò gbọ́ á ṣì máa gbé àlejò ẹni àkọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Kò purọ́. Ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń lò."

"Bí Jiya bá wá jẹ́ oníjìbìtì ńkọ́?"

"Kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ kí èèyàn tó lè ṣí àkáǹtì ọkọ yín, ọwọ́ rẹ̀ ló máa bọ́ sí."

Lábísí ka nọ́ńbà tirẹ̀ kí wọ́n fi rọ́pò ti ọkọ rẹ̀, Hafeezat sì pè é wò lójú ẹsẹ̀. Fóònù dún lọ́wọ́ Lábísí níbẹ̀, kí wọ́n tó gbà pé ó tọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n délé, ó yọ àwòrán ọkọ rẹ̀ kúrò lórí nọ́ńbà náà, ó kọ "Jiya, ará Share" síbẹ̀. Ràfátù ń wò ó.

"O ti wá pa orúkọ ọmọ mi rẹ́?"

"Rárá o, Màmá. Yusrah ṣì ń jẹ́ ọmọ Àhmádù. Nọ́ńbà yẹn ni kì í ṣe tirẹ̀ mọ́."

Ìyá àgbà fa Yusrah mọ́ra, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, bí èèyàn yín bá kú, tàbí bí ẹ bá pa síìmù kan tì, ẹ má rò pé nọ́ńbà ti wọlé sùn. Ẹ lọ sí báńkì, ilé-ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n fi èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì pè é lójú yín. Ẹ tún un ṣe nínú fóònù tiyín náà. Bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì bá sì já sí yín lọ́wọ́, ẹ ṣe bíi ti Jiya.

Nítorí Jiya pe Lábísí. Ẹni tí wọ́n máa gbé nọ́ńbà tiyín fún lè má pè yín.