Sípíríǹgì Tí Rédíò Kò Ròyìn

Fóònù ń ké lórí tábìlì, ìyẹ̀fun sì ti bo ọwọ́ Màmá méjèèjì dé ìgúnpá.

"Rédíò! Gbé e! Àwọn ìṣúráǹsì ni, mo ti ń retí wọn láti àárọ̀."

Ọmọbìnrin náà fò dé ibẹ̀ kí Màmá tó pa ẹnu dé. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà níbì kan, ṣùgbọ́n àdúgbò ti gbàgbé rẹ̀. Rédíò ni wọ́n ń pè é, torí pé wọn ò rí bọ́tìnnì tí wọn ì bá fi pa á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ nìkan ti ṣiṣẹ́ ọgọ́ta ọdún. Bí ológbò bá sín ní òpópónà kejì, Rédíò á ti ròyìn rẹ̀ kí imú ológbò náà tó gbẹ. Òun ni agbẹnusọ ilé. Òun ló ń bá oníná jà, òun ló ń pẹ̀tù sí onílé nínú, òun ló sì ń bá gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra búrẹ́dì Màmá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ipò yìí dùn mọ́ ọn ju ipò ààrẹ lọ.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ó sọ, ó sì yí ohùn fóònù sí gbangba kí Màmá lè gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o," obìnrin kan dáhùn pẹ̀lú ohùn tó tutù bí omi inú fíríìjì. "Lórí ọkọ̀ Màmá oníbúrẹ́dì ni mo ṣe pè. Ìṣúráǹsì yín ti fẹ́ parí, a fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun. Ìbéèrè díẹ̀ ló wà."

Ó béèrè ibi tí wọ́n ń gbé, ó béèrè ẹni tó ń wa ọkọ̀, Rédíò sì ń dáhùn wàràwàrà. Ó wá béèrè pé, "Ǹjẹ́ ẹ ti ṣe àtúnṣe kankan sí ọkọ̀ náà láàárín ọdún yìí?"

Rédíò yíjú. "Màmá, ẹ gbọ́? Wọ́n ní ṣé a ti ṣe àtúnṣe?"

Màmá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ìyẹ̀fun. "Àtúnṣe kẹ̀? Ó bàjẹ́ ni? Sọ fún wọn pé ọkọ̀ mi ò ṣàìsàn rí!"

"Rárá o, mà," Rédíò sọ sínú fóònù. "Ọkọ̀ wa le koko. Bí ẹ bá jù ú sílẹ̀ láti orí òkè, ilẹ̀ ló máa lọ sọ́sípítù."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó sì gé fóònù. Màmá padà sídìí ìyẹ̀fun rẹ̀. Nínú ọkàn àwọn méjèèjì, wọn ò purọ́ rárá.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ti yí ọkọ̀ náà padà lọ́dún náà. Ààrò búrẹ́dì onírin kan wà tí Màmá fi ń ṣiṣẹ́. Orí táyà méjì ló wà, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n sì máa ń so ó mọ́. Ọmọ-ẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é nílé, torí pé ibi tí ọkọ̀ bá lọ lòun náà ń lọ. Ó wúwo débi pé ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n so ó, ìdí ọkọ̀ jókòó sílẹ̀ bí màlúù tó ti rẹ̀, imú rẹ̀ wá gbé sókè, iná iwájú ń tàn sójú ọ̀run, àwọn ẹyẹ sì ń fi ìyẹ́ bojú. Màmá wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníkì. Ìyẹn yọ sípíríǹgì ẹ̀yìn méjèèjì, ó fi àwọn mìíràn tó ki bí apá afẹ̀ṣẹ́jà rọ́pò wọn, ó sì ti róbà tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́ bọ inú wọn. Ìdí ọkọ̀ dìde dúró bí ọmọ iléèwé tó gbọ́ orin orílẹ̀-èdè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ ò bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ta ló máa wá pe ìyẹn ní àtúnṣe?

Ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, Rédíò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń pè ní Bọ̀dá, lọ sọ́dọ̀ mẹkáníkì láti fún róbà náà ní afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ ńlá wà ní Sátidé. Gbogbo iléèwé ló ń bọ̀ wá díje nínú eré ìdárayá ní pápá tó wà lẹ́yìn òkè, Màmá ni wọ́n sì ní kó wá dín ebi wọn kù. Bí búrẹ́dì rẹ̀ bá dùn mọ́ wọn, òun ni wọn yóò máa pè ní sáà gbogbo.

Ẹsẹ̀ mẹkáníkì nìkan ló yọ lábẹ́ ọkọ̀. "Ẹ̀yin ọmọ oníbúrẹ́dì! Ẹ ti sọ fún àwọn ìṣúráǹsì yín nípa sípíríǹgì yìí, àbí?"

"Ká sọ kí ni?" Rédíò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n béèrè àtúnṣe lọ́wọ́ mi, mo ní kò sí. Ọkọ̀ wa kì í bàjẹ́."

 Gbogbo ara mẹkáníkì wá yọ jáde, ó dúdú fún epo bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

"Háà! Àtúnṣe tí àwọn yẹn ń wí, kì í ṣe ti ohun tó bàjẹ́ nìkan o. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá yí padà, tí kò rí bí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ṣe ṣe é mọ́, òun náà ni wọ́n ń béèrè. Sípíríǹgì tó nípọn, ìdí tó ga, róbà afẹ́fẹ́ yìí, gbogbo ẹ̀ pátá. Mo pariwo ẹ̀ sétí Màmá yín lọ́jọ́ tí mo pààrọ̀ ẹ̀, àfi bíi pé ẹ̀rọ mi tó ń hó ló gbọ́, Màmá ò gbọ́. Ẹ pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."



"A máa pè wọ́n," Bọ̀dá sọ. Nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ tán, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "O ò ní pe ẹnikẹ́ni."

"Bọ̀dá, ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀gá yẹn sọ."

"Mo gbọ́. Tó o bá pè wọ́n lónìí, tí wọ́n bá ní ká má gbé ọkọ̀ jáde títí wọ́n á fi wá wò ó ńkọ́? Iṣẹ́ Sátidé ti lọ nìyẹn. Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíì? Pa bọ́tìnnì."

"Màmá ńkọ́?"

"O fẹ́ sọ fún Màmá pé o fi ẹnu ara ẹ sọ fún ìṣúráǹsì pé kò sí nǹkan kan? Ó dáa, lọ sọ ọ́. Ká wá wo ẹni tó tún máa fún ẹ ní fóònù gbé nílé yẹn."

Ibẹ̀ gan-an ló ti mú un. Ká gba fóònù lọ́wọ́ Rédíò? Ó sàn kí wọ́n gba ahọ́n rẹ̀.

Ló bá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ débi pé àwọn ará àdúgbò rò pé iná mànàmáná ti lọ. Ìyá aránṣọ tó ń gbé lókè yọjú láti béèrè bóyá wọ́n ti kó kúrò nílé. Ní iléèwé, olùkọ́ físíìsì gbé sípíríǹgì kékeré kan kọ́, ó ń so òkúta mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ wo bó ṣe ń fà." Òógùn bo Rédíò bí ẹni tó sáré yí ayé ká. Tó bá sì dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn sípíríǹgì abẹ́ rẹ̀ á máa ké pé, sọ ọ́, sọ ọ́, sọ ọ́.

Màmá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e níwájú orí. "Kí ló dé? Ta ló yọ bátìrì rẹ?"

Rédíò la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, kò jáde. "Orí ló ń fọ́ mi, Màmá."

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Lọ sinmi."

Pẹ̀lẹ́ yẹn dùn ún ju ìgbátí lọ.

Ní Sátidé, òórùn búrẹ́dì kún inú ọkọ̀ fọ́fọ́. Màmá ló ń wa ọkọ̀, Bọ̀dá jókòó ti ìyá rẹ̀, Rédíò sì wà lẹ́yìn láàárín àwọn páànù búrẹ́dì. Ọmọ-ẹ̀yìn ń tẹ̀ lé wọn jẹ́jẹ́. Wọ́n gun òkè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ pupa kékeré kan wà níwájú. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé kan yí gbirigbiri wọ títì, ọkọ̀ pupa náà sì dúró gbagidi. Màmá tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n Ọmọ-ẹ̀yìn ò tètè gbọ́, ó fi gbogbo irin ara rẹ̀ tì wọ́n síwájú.

Gbàà!

Páànù búrẹ́dì fò. 

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dá mi lóhùn!" Màmá kígbe.

"A wà, Màmá."

Kò sẹ́ni tó fara pa. Dókítà eyín kan ló ni ọkọ̀ pupa náà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo iná ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì tó ti fọ́ dà sí títì. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń yọ eyín," ó sọ pẹ̀lú ohùn tó ń gbọ̀n, "kò sẹ́ni tó yọ tèmi báyìí rí."

"Ẹ má bínú, Dókítà," Màmá ń bẹ̀ ẹ́. Ó gbé orí sókè. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ní ìṣúráǹsì. Wọn yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe fún yín, ẹ ò ní ná kọ́bọ̀." Ó na fóònù sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. "Rédíò, bá wa pè wọ́n. Ìwọ ni agbẹnusọ wa."

Ohùn tútù ọjọ́sí ló gbé e. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni fara pa, Rédíò ní rárá. Ó béèrè bóyá wọ́n ń fa ẹrù lẹ́yìn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa. Ọkọ̀ náà ṣì wà bẹ́ ẹ ṣe sọ fún wa lọ́jọ́sí? Ẹ ò ṣe àtúnṣe kankan sí i?"

Bọ̀dá wà lẹ́yìn Màmá, ó ń mi orí bíi fáànù: rárá, rárá, rárá. Màmá gbé ọwọ́ lé èjìká dókítà eyín, ó ń sọ fún un pé kó má mikàn. Rédíò wo ọwọ́ yẹn. Ìyẹ̀fun ṣì wà nínú èékánná rẹ̀.

"A ti ṣe é, mà," ó sọ. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé kò mọ̀ ọ́n ní tirẹ̀. "Wọ́n ti pààrọ̀ sípíríǹgì ẹ̀yìn, wọ́n fi róbà afẹ́fẹ́ sí i, kó lè fa ààrò. Nígbà tẹ́ ẹ béèrè, mo rò pé ohun tó bàjẹ́ lẹ ń wí. Àmọ́ mo ti mọ̀ láti Túsìdeè. Mo mọ̀, mi ò pè yín."

Màmá yíjú. Ó wo Rédíò, ó wo Bọ̀dá tí orí rẹ̀ ti dúró lójú kan. 

Wọn ò dé pápá lọ́jọ́ náà. Bisikíìtì ẹlòmíràn làwọn ọmọ iléèwé jẹ. Ọkùnrin kan wá láti ìṣúráǹsì, ó sùn sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Abẹ́ ọkọ̀ tí Bọ̀dá ní kò sẹ́ni tó máa wò ó, ọkùnrin yìí wò ó bí ẹni ń wá òrùka ìyàwó. Fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ̀ fi jókòó, Bọ̀dá ń ti búrẹ́dì nínú bárò kiri ìlú, ó rù bí ìgbálẹ̀.

Ìgbà tó yá, obìnrin olóhùn tútù pè. Apá kan ni wọn yóò san fún dókítà eyín, Màmá ni yóò fúnra rẹ̀ wá owó ìyókù. "Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ wa ló kọ́kọ́ rí i lábẹ́ ọkọ̀ ni," ó ní, "à bá fagi lé gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ ti pè wá ní Túsìdeè yẹn, à bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀ bá fi owó díẹ̀ kún ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀ bá sì gba pápá yín lọ ní Sátidé."

Rédíò jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó bú sẹ́kún.

Màmá nu ọwọ́ rẹ̀. "Pé o ò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ìyẹn ò dùn mí. Èmi gan-an ni mo pariwo pé ọkọ̀ mi ò ṣàìsàn. A jọ jẹ̀bi ìyẹn ni. Àmọ́ nígbà tó o ti wá mọ̀, o jẹ́ kí n máa fi gbogbo ẹnu ṣe ìlérí fún dókítà yẹn ní títì. Ìyẹn ló dùn mí."

"Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ máa gba fóònù lọ́wọ́ mi."

"Ẹ̀rù ba èmi náà lójoojúmọ́ tó o fi dákẹ́. Mo rò pé àìsàn ló ń ṣe ọ́."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, fóònù tún ké. Ìṣúráǹsì ni, wọ́n ti ní àwọn á pè padà láti kọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ lákọ̀tun bó ṣe wà gan-an. Rédíò sún sẹ́yìn.

"Gbé e," Màmá sọ.

"Èmi?"

"Ṣé o rò pé mo fẹ́ lọ ra Rédíò mìíràn ni?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, kò sí ìtìjú nínú ká má mọ ìtumọ̀ ìbéèrè. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó dáhùn. Bẹ́ ẹ bá sì ti wá mọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ sọ, ẹ sọ ọ́ nígbà tí sísọ rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀, torí bó bá ti dé títì, ẹ ò ní dá a san nìkan. Rédíò kọ́ ìyẹn ní gbèsè.

Ó nu imú, ó gbé fóònù, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: "Ǹjẹ́ ẹ ti ṣe àtúnṣe kankan sí ọkọ̀ náà?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," Rédíò sọ, ohùn rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà sípò, "ti èyí tó bàjẹ́, àbí ti èyí tí a yí padà? Ẹ wá àga jókòó, kí n ka méjèèjì fún yín."