Kọ̀ǹpútà Tí Toheebat Fi Kún Eré Rẹ̀

Sẹ̀kínát Bàrúwà, tó ń yan gàrí ní Ìdógò, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Àwa méjèèjì jọ ń kọ́ ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, orí bẹ́ǹṣì kan náà la sì ń jókòó sí. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ni. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì kí olùkọ́ wa tó wọlé.

Oṣù Agẹmọ ni, òjò sì ń rọ̀. Toheebat, ọmọ rẹ̀ kékeré, jókòó níwájú kọ̀ǹpútà ilé wọn. Iṣẹ́olúwa, ọmọ kíláàsì rẹ̀, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo bí eré orí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń falẹ̀.

“Toheebat, ṣé kọ̀ǹpútà yín ń gba ààwẹ̀ ni?”

Toheebat kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo kíláàsì ló mọ̀ pé ẹ̀rọ ilé Iṣẹ́olúwa ń sáré. Ọmọkùnrin náà wá fi ibì kan hàn án nínú kọ̀ǹpútà, níbi tí èèyàn ti lè mú kí ọpọlọ ẹ̀rọ máa sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe fi í sí lọ. Toheebat fi kún un. Lójú ẹsẹ̀, eré náà ń lọ geere. Wọ́n lò ó títí tí ọ̀sán fi pọ́n tán, wọ́n fọwọ́ kan ara rẹ̀, ó tutù. Iṣẹ́olúwa ní kò séwu. Toheebat kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, ṣùgbọ́n nílé-ìwé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní “Ẹ̀rọ Ayára,” orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn nínú.

Ohun tí kò rò ni pé ìyá òun kì í fi bẹ́ẹ̀ yan gàrí nígbà tí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, iná agbada kì í kú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ilé gàrí ni tábìlì kọ̀ǹpútà wà. Ooru ń gba ibẹ̀ wọlé, eruku gàrí kíkúnná náà ń bá a wọlé. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mẹta. Toheebat mọ ohun tó yẹ kó ṣe: kó dá eré rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún máa pè é ní Ẹ̀rọ Ayára?

Ní oṣù Èrèlé, Àṣíáwù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaròó, ń tọ́jú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà náà nígbà tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n tún tàn án, orí mẹ́ta nínú iṣẹ́ náà ti dàrú. Ẹnikẹ́ni kò lè kà á mọ́.

Àṣíáwù sunkún. Nígbà tí ẹkún tán, inú bí i sí Ọláoyè, ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún wọn. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni, láti Kùtọ́nu. Òun, Toheebat àti ìyá wọn gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà. Èrò wà níbẹ̀. Àṣíáwù sọ fún gbogbo wọn pé òkú ọjà ni Ọláoyè tà fún àwọn. Obìnrin kan tó ti di fóònù kan mú láti rà á rọra gbé e padà sórí tábìlì. Ọláoyè ní òun dán ẹ̀rọ náà wò dáadáa kóun tó tà á. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Eruku gàrí ti di mọ́ fáànù inú rẹ̀ bí ẹ̀kọ tó gan.

Síbẹ̀, ọkùnrin kan ní bí ọjà Kùtọ́nu ṣe ń rí nìyẹn, àwọn yòókù sì mi orí.

Toheebat rí i pé òun lè lọ sílé bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́olúwa kò ní í sọ. Ṣùgbọ́n ó rí bí Ọláoyè ṣe ń ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bá Ọ̀gá Ọláoyè wí mọ́. Èmi ni. Mo fi kún eré rẹ̀ láti oṣù Agẹmọ.”

“Ta ló rán ọ?” ni ìyá rẹ̀ bi í.

“Kò sẹ́ni tó rán mi, Màmá. Mo fẹ́ kí wọ́n máa yìn mí ni.”

Ọláoyè wá àga, ó jókòó.

“Fífi kún eré ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ mi,” ló wí. “Mo mọ ẹ̀rọ tó ti ń sáré bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n ìdánwò ọ̀sán kan nínú òjò kò lè sọ bí yóò ṣe rí nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tó bá fi kún un ti gba ìtọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Yóò máa gbọn eruku rẹ̀, yóò máa ṣọ́ ooru rẹ̀, tó bá sì ti ṣe bí ẹni ń ṣàárẹ̀, yóò dín eré náà kù.”

Sẹ̀kínát yíjú sí àwọn èrò. “Ẹ gbọ́ o. Ọ̀gá Ọláoyè kò jẹ̀bi. Ọmọ mi ló ṣe é, ọmọ mi náà ló sì jẹ́wọ́ rẹ̀.”

Ó sọ fún mi pé ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn tì í lójú, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdajì kejì, orí rẹ̀ wú. Obìnrin tó gbé fóònù sílẹ̀ tún mú un.

Wọn kò lu Toheebat. Òun fúnra rẹ̀ dá eré ẹ̀rọ náà padà, ó gbé tábìlì lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì fi ọjọ́ mẹ́sàn-án tẹ orí mẹ́ta náà láti inú ìwé tí Àṣíáwù fọwọ́ kọ. Nílé-ìwé, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ẹ̀rọ Ayára ti yarọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń bá ìwé rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára. Kò sóhun tó burú nínú pé kí ẹ wá eré. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè bí nǹkan yóò ṣe rí lọ́dún tó ń bọ̀. Bó bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹ̀bi rẹ̀.

Ní àárọ̀ tí Àṣíáwù fẹ́ lọ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Ìlaròó, ọ̀kadà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti ń lọ báyìí, á dé ẹnu ọ̀nà tán, á tún yíjú padà, á ní kí Toheebat má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ àyà, ó gun ọ̀kadà, ó sì lọ, kò bojú wẹ̀yìn.