Ládélé àti Oore Ṣekárími

Nígbà tí ogun ńlá àwọn Òyìnbó ń parí lọ, tí Ajẹ́lẹ̀ wọn sì ti ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ní ilẹ̀ Àkókó, ọkùnrin kan wà ní Ọ̀kà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ládélé. Bàbá bàbá rẹ̀ ti jẹ olórí àdúgbò kan rí. Nítorí èyí, ọmọ ọba ni Ládélé ń pe ara rẹ̀, ọmọ ọba ni ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé máa pe òun.

Ládélé kì í mutí yó. Kì í jalè. Kò na ìyàwó rẹ̀ rí. Bí o bá pàdé rẹ̀ lọ́nà Àkùngbá, lórí ẹṣin, lábẹ́ agboòrùn pupa tí ó rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Lọ́kọ́ja, òun ni yóò kọ́kọ́ kí ọ. Oore ni iṣẹ́ rẹ̀. Oore náà ni ó sì bà á jẹ́.

Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti wa iṣu tán, Ládélé á kó àwọn afọ́jú, àwọn arọ àti àwọn opó jọ láti ṣe wọ́n ní àlejò. Kì í ṣe é ní Ọ̀kà ìlú rẹ̀. Ọjà Ìkàrẹ́ ni ó ń gbé e lọ, nítorí ibẹ̀ ni èrò ti ń wá láti Ògbàgì, láti Àjọwá, àti láti ilẹ̀ Tápà lókè lọ́hùn-ún. Inú oòrùn ni yóò tò wọ́n sí, níbi tí gbogbo ojú yóò ti rí wọn. Akígbe rẹ̀ á máa lu agogo: “Ládélé rèé! Ọmọ ọba tí ń bọ́ ẹni tí ebi ń pa!” Kí ẹnikẹ́ni tó gba iṣu àti aṣọ, àfi kí ó dìde kí ó sọ ìyà tí ìbá máa jẹ òun bí kò bá sí Ládélé.

Opó afọ́jú kan ní Ìkàrẹ́, Raliat, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè. Ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá wò ó á fẹ́ sunkún, ìdí nìyẹn tí Ládélé fi fẹ́ràn láti fi í ṣíwájú. Obìnrin náà á dìde, á sì sọ ohun tí akígbe ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà á jókòó, á fi ìborùn bo orí.

Àwọn ará ọjà a máa jẹ nínú oúnjẹ náà, ṣùgbọ́n kò tàn wọ́n jẹ. Tìjání tó ń ta obì kì í sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. “Ohun tí ó ná sórí agboòrùn yẹn,” ni ó máa ń wí, “ìbá ti bá Raliat bo ilé rẹ̀ tó ń jò. Ẹni tó ṣe oore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni.”

Wọ́n sọ ọ́ títí ó fi dé etí Ládélé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìlara ni.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, akọ̀wé Ajẹ́lẹ̀ sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí Ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ wá wo àsè náà. Ọkàn Ládélé kò balẹ̀ mọ́. Ó ta oko obì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n tú abà iṣu, kí wọ́n kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Àsíátù, ọmọ Ìkàrẹ́, dúró sẹ́nu ọ̀nà abà.

“Bàbá Mọ́júbọ́lá, ẹbu ni ìwọ̀nyí. Bí ẹ bá sè wọ́n, kí la ó gbìn?”

“Ajẹ́lẹ̀ kò ní wá rí ìkòkò kékeré nílé mi.”

“Ajẹ́lẹ̀ kò ní bá wa fara da ebi bó bá dọ̀la.”

Ó fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì kó ẹbu náà lọ.

Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ àsè pé nígbà tí Zachariah wá bá a. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Wọ́n jọ dẹ pàkúté ẹyẹ lórí àpáta Ọ̀kà nígbà èwe wọn ni. Zachariah ti di onígbàgbọ́, ó sì ń ṣe iṣẹ́ oko rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

“Ládélé, Ọ̀wọ̀ ni mo ti ń bọ̀,” ni ó wí. “Ikọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń pa ènìyàn bí ẹni ń ṣán koríko. Lùkúlùkú ni wọ́n ń pè é. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni ó ti ń ràn. Mo bẹ̀ ọ́, má kó ènìyàn jọ.”

“Ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀.”

“Fi iṣu náà ránṣẹ́ sí olúkúlùkù nílé rẹ̀, àwọn náà yóò jẹun.”

Ládélé wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. “Ta ni yóò wá rí i?”

“Ọlọ́run yóò rí i.”

“Ọlọ́run ti mọ̀ mí,” ni Ládélé wí. “Ajẹ́lẹ̀ ni kò tíì mọ̀ mí.”

Ọjọ́ àsè pé. Irú èrò bẹ́ẹ̀ kò wá sí ọjà Ìkàrẹ́ rí. Kí iyì tọdún náà lè ta ti àtẹ̀yìnwá yọ, Ládélé ní kí Mọ́júbọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n ti fẹ́ fi fún ọkọ, kúnlẹ̀ kí ó máa fọ ẹsẹ̀ àwọn aláìní lọ́kọ̀ọ̀kan, kí Òyìnbó lè rí bí ọmọ ọba ti ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà ṣe é. Ó tún ń fi igbá kan ṣoṣo bu omi fún gbogbo wọn mu.

Wọn kò bu oúnjẹ. Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Oòrùn gun àtàrí, àwọn arọ ń làágùn, àwọn arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ọbẹ̀ tutù. Raliat ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun lọ sílé. Wọ́n ní kí ó jókòó.

Ajẹ́lẹ̀ kò wá. Kò tilẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí oòrùn wọ̀, Ládélé fi ìbínú ní kí wọ́n pín oúnjẹ náà bí wọ́n bá ti fẹ́, ó sì gun ẹṣin rẹ̀ padà sí Ọ̀kà láìwo ẹ̀yìn.

Ikọ́ náà kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ pé. Àwọn tó jókòó nínú oòrùn yẹn ni ó kọ́kọ́ dà wó. Akígbe kú. Olùtọ́jú ẹṣin kú. Ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, ilé kan ń sin òkú, ilé kejì ń gbẹ́ ilẹ̀. Ibà náà wọ Mọ́júbọ́lá lára, ó ń jó o bí iná inú koríko gbígbẹ.

Ládélé jókòó tì í lórí ẹní. Nígbà tó yá, ọmọ náà la ojú tó ti pọ́n.

“Bàbá mi, ṣé wọ́n ṣì ń wò wá?”

“Kò sí ẹni tó ń wò wá, ọmọ mi.”

“Ṣé mo lè dìde lórí ìkúnlẹ̀ wàyí? Ó ti rẹ̀ mí.”

“Dìde, ọmọ mi. Dìde.”

Ó kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ládélé jáde láti wá ẹni tí yóò bá a gbẹ́ sàréè. Ó kan ilẹ̀kùn àwọn tí ó ti fún ní aṣọ. Ó kan ti àwọn ìbátan rẹ̀. Àwọn kan kò dáhùn nítorí ìbẹ̀rù. Ẹnì kan dáhùn láti inú ilé pé, “Lọ pe Ajẹ́lẹ̀.” Zachariah nìkan ni ó wá, pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Òun àti bàbá ọmọ ni wọ́n jọ sin ín.

Nígbà tí wọ́n bo ilẹ̀ tán, Ládélé bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ wéréwéré. Ó ní bí àrùn bá ti lọ tán, òun yóò ṣe òkú ọmọ òun débi tí gbogbo Àkókó yóò gbọ́. Òun yóò bọ́ aláìní ní orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń fi òun ṣẹ̀sín yóò pa ẹnu wọn dé.

Àsíátù ń gbọ́. Ó dìde, ó di ẹrù rẹ̀.

“O fi ojú Raliat ṣe ìran,” ni ó wí. Kò pè é ní Bàbá Mọ́júbọ́lá mọ́. “O fi ọwọ́ ọmọ mi ṣe ìran. O ò ní fi òkú rẹ̀ ṣe é níṣojú mi.” Ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Ìkàrẹ́.

Ládélé fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì. Àna rẹ̀ kò ṣílẹ̀kùn. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó ti wí pé, “Ládélé, padà sílé rẹ. O ti ṣe tó.”

Ó yí padà. Bí ó ti ń gba ẹ̀yìn ọjà kọjá, ó gbọ́ ikọ́ nínú ahéré kan tí òrùlé rẹ̀ ti jìn. Raliat ni. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Ládélé kò mọ ibi tí obìnrin náà ń gbé.

Ó wọlé. Ó gbé orí obìnrin náà sókè, ó fún un lómi. Raliat mu díẹ̀.

“Ta ni yẹn?”

“Èmi ni, ìyá. Ládélé ni.”

Obìnrin náà gbé etí sí ọ̀nà ìta. Lẹ́yìn náà ó ní, “Àwọn wo lo kó wá?”

“N kò kó ẹnikẹ́ni wá. Èmi nìkan ni.”

“Irọ́ ni,” ni Raliat wí. “Wọ́n wà níta.”

“Ìyá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kò sí ẹnì kankan níta. Mo wá tọrọ àforíjì ni.”

Raliat kò gbà á gbọ́. Ó ti orí rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ojú sí ògiri, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ́mìí mì. Kò dárí jì í.

Zachariah wọlé pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná. Àṣé ó ti ń wá síbẹ̀ látìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bá Ládélé lórí eékún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú.

“Zachariah, ẹni tí mo ṣẹ̀ ti kú. Ọmọ mi ti kú. Ta ni yóò dárí jì mí?”

Zachariah gbé ìkòkò náà kalẹ̀. “Kò sí ènìyàn tó lè ṣe é mọ́.”

“Jésù rẹ ńkọ́? Ṣé yóò jí wọn fún mi?”

“Kò ní jí wọn lónìí. N kò ní purọ́ fún ọ.”

“Kí ló wá lè ṣe?”

“Ó lè gba ìwọ, bí o ti rí gan-an. Wọ́n tú u sí ìhòòhò, wọ́n kàn án mọ́ igi níwájú èrò, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ irú èmi àti ìwọ. Kò ní kí o se àsè. Kò béèrè ẹ̀bùn lọ́wọ́ rẹ. Ọkàn tó ti fọ́ ni ó ń béèrè.”

“Mi ò ní nǹkan mìíràn mọ́,” ni Ládélé wí.

Ó wólẹ̀ sórí ilẹ̀ ahéré náà. Àdúrà rẹ̀ kò gùn: “Olúwa, èmi ni mo pa wọ́n. Ṣàánú mi.” Ibẹ̀ ni Jésù ti gbà á. Kò sí ẹnì kan tí ó pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n tún ṣí ilé àdúrà, Ládélé dìde láàrin ìjọ láti ròyìn ohun tí Olúwa ṣe fún un. Zachariah fà á láṣọ. “Jókòó, Ládélé.” Ó jókòó, ó sì sunkún, nítorí ó mọ̀ pé adùn ìyìn èrò ti tún ń wọ òun lẹ́nu.

Má rò pé ohun tí ó sọnù padà bọ̀. Ìgbà gbíngbìn dé, kò sí ẹbu, ebi sì mú ilé náà. Àsíátù kò padà. Ládélé a máa lọ ro oko bàbá Àsíátù ní Ìkàrẹ́. Wọ́n ń jẹ́ kí ó roko, wọn kì í kí i. Ó ń pọn omi fún àwọn aláìsàn, àwọn kan sì ń da omi náà nù. Tìjání ní, “Ó tún ti rí ọ̀nà mìíràn wá orúkọ.”

Zachariah bi í bóyá èyí ń dùn ún.

“Ó ń dùn mí,” ni ó dáhùn. “Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Bí wọ́n bá gbà mí gbọ́, n óò tún bẹ̀rẹ̀.”

Ara rẹ̀ kò le mọ́ láti ọdún àìsàn yẹn. Òtútù òjò ọdún kẹta ni ó pa á. Àwọn tó sin ín kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń kú lọ, ó di ọwọ́ Zachariah mú, ó ní, “Ó gbà mí,” kò sì sọ ohun mìíràn.

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, mo mọ̀ pé ìwọ lè máa wí pé, “Èmi kì í ṣe ọ̀mùtí. Èmi kì í ṣe olè. Mo ń ta tálákà lọ́rẹ.” Ó dára. Ta ni o ń ṣe é fún? Jésù kìlọ̀ pé ẹni tó ń fun fèrè níwájú ara rẹ̀ nígbà tí ó ń ṣe ìtọrẹ ti gba èrè rẹ̀ tán. Bí ìyìn ènìyàn bá ti jẹ́ èrè rẹ, kí ni o fẹ́ gbà ní ọ̀run?

Ládélé rí ìgbàlà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó yí padà, àwọn mìíràn ni wọ́n sì fi ẹ̀mí san án. Àwọn kan wà nílé rẹ tí ìgbéraga rẹ ń pa díẹ̀díẹ̀ báyìí. Wọ́n ṣì wà láàyè. Ìyàwó rẹ ṣì ń dá ọ lóhùn. Ẹni tí o dójú tì ṣì lè gbọ́ bí o bá ní, “Mo ṣẹ̀ ọ́.” Má dúró di ìgbà tí yóò kọ ojú sí ògiri.

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Má pe ẹnikẹ́ni wá wò ọ́. Sọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Jésù bí ó ti rí, kí o sì gba àánú rẹ̀ lónìí.