Ta Ló Kan Òpó?

Ẹ má rò pé arúgbó ló ń rọ́ àlá. Ọ̀sán gangan ni, mo ti jẹun yó, ojú mi méjèèjì sì là kedere. Bí mo bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan bù mọ́ ọn, kí ahọ́n mi má tọ́ iyọ̀ wò mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Iṣẹ́ ẹyẹ ló ń ṣe. Àwọn àṣá kò rí igi ńlá yé ẹyin sí mọ́, ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń gbé àpótí onígi sórí òpó gíga fún wọn. Bí wọ́n bá pamọ, á gun àkàbà lọ wò wọ́n, á fi òrùka kékeré sí àwọn ọmọ wọn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n lè dá wọn mọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ìyá Àṣá ni mo máa ń pè é. Á ní, "Màmá, bí mo bá jẹ́ Ìyá Àṣá, ẹ̀yin ti di ìyá àgbà ẹyẹ nìyẹn."

Lọ́dún náà, gbogbo àpótí yòókù ṣófo. Ọ̀kan péré, lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó ọkà sí, ló ní ọmọ nínú. Ara ẹni tó máa ń bá a di àkàbà mú kò yá. Mo ní èmi á bá a lọ.

"Màmá, ẹ ò lè dákẹ́."

"Èmi? Mo ti dákẹ́ rí."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí mò ń sùn."

Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ wọn le. Nídìí àpótí, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀, kí ẹyẹ má baà ta gìrì. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà nílẹ̀ á fi kan òpó: ẹ̀ẹ̀kan, máa gùn ún lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì, sọ̀kalẹ̀ kíá, má bèèrè.

Mo kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ó dún bù, bí ìgbà tí èèyàn gbá ìrọ̀rí. Mi ò kà á sí. Ìyá ẹyẹ fò jáde.

Mo gbé ọ̀pá sílẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú. Ọmọ mi ń gùn ún lọ. Àtẹ́lẹ̀ bàtà ẹ̀ ni mò ń wò. Olójú kan kì í tàkìtì òró. Ojú kan tí mo ní ló ń gòkè lọ yẹn.

Lójijì, gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́. Afẹ́fẹ́ dúró. Àwọn ọmọ ẹyẹ tó ń ké dákẹ́. Èémí ara mi nìkan ni mò ń gbọ́.

Kó. Kó.

Ó le. Ó mọ́. Bí ìgbà tí igi líle bá pàdé igi líle.

Ọmọ mi dúró. Ó sọ̀kalẹ̀ wéré, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibẹ̀ ló ti lanu, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí lẹ rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi kàn án?"

"Èmi kọ́. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo kàn án lókè?"

"Èmi kẹ̀? Ìsàlẹ̀ ló ti wá. Ó dún dé àtẹ́lẹsẹ̀ mi."

"Òkè ni. Orí mi ló dún lé."

A jọ wo ọ̀pá. Ó wà nínú koríko, níbi tí mo gbé e sí.

Òpó náà mí kanlẹ̀ bí èèyàn. Ó ṣẹ́ láàárín, ó wó lu àkàbà, ó run ún wómúwómú.

Mo jókòó sílẹ̀, mo di ọmọ mi mọ́ra, mo ń fọwọ́ pa á lára: orí, apá, ẹsẹ̀. Gbogbo ẹ̀ pé. Igi kékeré kan lẹ́bàá ògiri ti gba àpótí mú. Àwọn ọmọ ẹyẹ wà nínú ẹ̀, wọ́n ranjú mọ́ wa bí onílé tí a kò kí. Ẹ̀rín bú lẹ́nu wa, a rín títí omi fi bọ́ lójú. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá wọn ti gbé èkúté dé.

Káfíńtà tó wá kó òpó náà fi òòlù gbá a. Bù. Ó tún gbá a. Bù.

"Ìyá, ikán ti jẹ inú ẹ̀ tán. Èèpo ẹ̀ nìkan ló ń díbọ́n."

"Ṣé kò lè dún kó?"

"Kó bíi ti báwo? Ẹ lọ kan búrẹ́dì wò, bóyá á dún kó."

Ọmọ mi wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Òpó irin ló wà níbẹ̀ báyìí. Ọmọ mi náà ti bí tiẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kò sì sinmi ẹ̀rín. Láìpẹ́ yìí ni mo gbé ọmọ-ọmọ mi sí èjìká, mo fẹ́ gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé lọ sókè. Ó ń ké. Lójijì, ó dákẹ́. Ilé pa lọ́lọ́.

Kó. Kó.

Mi ò bèèrè. Mo padà sí yàrá, mo jókòó, mo gbé e lé itan. Títí dòní, mi ò mọ ohun tó wà lórí àtẹ̀gùn yẹn.

Ọmọ náà ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èmi náà kọjú síbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣé o. A ò gùn ún mọ́."