Àwọn Ìrókò Òkè Pupa

Ihò lásán ni Ọmọlará, ọlọ́pàá, bá lórí Òkè Pupa. Gbogbo ọmọ ìrókò tó yè dáadáa ti lọ. Àwọn tó ti ń rọ nìkan ló kù.

Ẹ̀yìn Igando ni òkè náà wà. Àwọn onítípà ti kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ títí tí kò fi sí koríko níbẹ̀ mọ́. Naomi, onímọ̀ nípa igi, ló ń sọ ọ́ di igbó padà. Ìyábọ̀dé, tíṣà ará Èkìtì tó ti fẹ̀yìntì, ló ń dá gbé ilé pákó tó wà níbẹ̀, tó ń bá a ṣọ́ ọ.

Naomi sọ fún ọlọ́pàá náà pé Charles ló ṣe é, oníṣòwò ilẹ̀ tó fẹ́ ta òkè náà. Bí kì í bá ṣe òun, a jẹ́ pé Aasiyah tó ń ta àgbo ni.

Ọmọlará bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ihò náà fẹ̀, wọ́n kó igi tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀. Kò sí gbòǹgbò kan tó já. Ẹni tó fẹ́ ba nǹkan jẹ́ kì í fara balẹ̀ báyìí.

Ó wá Charles lọ. Ìsìnkú ìyá rẹ̀ ló wà nílùú wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Aasiyah ní tirẹ̀ ní èèpo ìrókò ńlá lòun ń lò, kí lòun fẹ́ fi èyí tó rí bí ọmọ ìka ṣe?

Ó padà sórí òkè. Ìyábọ̀dé fẹ́ bu omi fún un, ife sì ń ha ìsàlẹ̀ àgbá omi òjò. Òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lánàá, ẹnìkan ṣoṣo ló sì ń lo omi náà. Omi tó kán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá ti la ọ̀nà tútù gba ẹ̀yìn ilé. Ọmọlará tẹ̀ lé e. Lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, àwọn ìrókò dúró nínú ọ̀rá, ewé wọn ń dán.

“Mà, ẹ̀yin lẹ hú wọn.”

Ìyábọ̀dé kò jiyàn. Ó ní òun gbọ́ tí Naomi ń sọ lórí fóònù pé igi ti múlẹ̀, pé tó bá di Dìsẹ́ńbà, Naomi ó kó lọ ṣiṣẹ́ lórí òkè Ìdànrè. Ìdí nìyẹn tóun fi ń hú wọn láàárọ̀, kí Naomi tó ti Ìdímù dé, tóun ń fi bàsíà rù wọ́n.

“Mo rò pé bá a bá ní láti tún wọn gbìn, Naomi á dúró sí i. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, òun nìkan ló ń kí mi.”

“Kí ló dé tẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n kú?”

“Èmi náà ni mo gbìn wọ́n.”

Nígbà tí Naomi gbọ́, kò ní kí wọ́n mú ìyá náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tún àwọn igi náà gbìn. Ṣùgbọ́n Naomi kò sọ pé òun ò ní lọ mọ́, ìyá náà kò sì bi í.

Nígbà tí Ọmọlará délé, ó pa mọ́tò, ó sì jókòó sínú rẹ̀. Ilé ṣókùnkùn. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé báwo ni iṣẹ́. Ó mú fóònù, ó wá nọ́ńbà Ìyábọ̀dé, ó sì pè é.

“Mà, mo kàn ní kí n kí yín ni.”