Ilé Tí Kò Yẹ Orúkọ Rẹ̀

Akunlé ṣì ń kọ orúkọ Baba Onílé-Mẹ́rin sára ògiri ilé rẹ̀ tó tóbi jù lọ nígbà tí baba náà yọ̀ ṣubú lórí àga tó ti ń wò ó, ó sì kú. Kò ṣàìsàn. Ẹyẹ kan tó bà lé táǹkì omi ló ké ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹnu aládùúgbò sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀meje.

Oṣù méjì kò tíì pé tí ilé-ẹjọ́ fi ti mẹ́ta pa nínú ilé mẹ́rin tó ní. Kí baba náà tó kú, ayálégbé kan ló fara ti irin òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, irin já, ó ṣubú, ó pe onílé lẹ́jọ́, ó sì jàre owó tí ilé kan ṣoṣo ò lè san. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa dá irin tó dípẹtà lẹ́bi nígbà tí àjẹ́ wà nílẹ̀? Opó olóògbé, aránṣọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ni wọ́n nawọ́ sí. Wọ́n ní ọ̀sán gangan ni wọ́n rí òun àti ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí wọ́n tilẹ̀kùn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí ìwé.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé, obìnrin tó gbà pé ọ̀dọ̀ òun ni ọgbọ́n ìdílé parí sí, pe ẹbí jọ sí ilé kẹrin, èyí tó kéré, tó ń jò, tí gbogbo wọn há mọ́ báyìí.

"Ìyàwó, kó ẹrù ẹ kílẹ̀ tó ṣú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe?"

"O tún ń bi mí! Ta ló ń yọ àbúrò mi lẹ́nu pé kó yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lórí ilé ẹ̀? O gba orúkọ, o wá gba ẹ̀mí!"

"Mo ní kó fi ilé kọ̀ọ̀kan sábẹ́ kọ́ńpìnnì tiẹ̀, kí wàhálà ọ̀kan má baà ran èkejì."

"Kọ́ńpìnnì! Ẹ gbọ́ ohun tí àjẹ́ òde òní ń pe ẹgbẹ́ wọn!"

Ẹ̀rín sọ. Opó náà wo ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò síbi tí yóò kó wọn lọ.

Ọkùnrin oníkóòtù dúdú ló kanlẹ̀kùn wọlé. Àwọn kan sá sẹ́yìn.

"Ẹ fara balẹ̀, lọ́yà ni mí. Èmi àti ìyàwó yìí bẹ olóògbé títí. Ó ní bí kọ́ńpìnnì bá nilé, ta ni yóò mọ̀ pé òun lówó? Orúkọ ẹ̀ ló wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ni irin kan ṣoṣo bá kó gbogbo wọn lọ."

"Èyí tá a wà yìí ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Èyí nìkan ló gbà ká fi sábẹ́ kọ́ńpìnnì. Ó ní ilé tó ń jò ò yẹ orúkọ òun."

"Ọlọ́run ṣeun! Ta ló wá ń darí kọ́ńpìnnì ọ̀hún?"

"Ìyàwó ẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ohùn rẹ̀ ti di oyin. "Ìyàwó wa àtàtà, yàrá wo lẹ fẹ́ kí n máa sùn?"

Opó náà ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ mi, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ sọ fún wọn pé ìyá wọn kì í ṣe àjẹ́."